Ẹ Má Fọwọ́ Kan Kábúrẹ́tọ̀

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Etí-Ọ̀sà, tí Ajah wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹnì kan tó fi ọ̀kadà jẹun ní Ajah kó tó di ìgbà náà ló ta Honda CG125 rẹ̀ fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀yìn ilé ló ti wà látìgbà náà, atẹ́gùn òkun sì ti fi iyọ̀ jẹ ẹ́: táǹkì dógùn-ún, ṣéènì gan paali.

Kí n tó fọwọ́ kàn án ni mo ti ra ìwé pélébé kan. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yà ara ọ̀kadà náà ní orúkọ Yorùbá. Kábúrẹ́tọ̀ ló ń po epo bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, torí náà mo sọ ọ́ ní apo-epo-mọ́fẹ̀ẹ́fẹ́. Mo ka orúkọ náà sókè fún ọmọọṣẹ́ mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá béèrè ìyẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páàtì, wọ́n á ní kí ẹ lọ bá ẹlẹ́kọ."

Ọ̀rọ̀ tó dára kì í wá láti orí tábìlì bẹ́ẹ̀. Etí ló bí alùpùpù: ohun tó ń lù pù-pù-pù. Ọ̀kadà jẹ́ orúkọ Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Igbinedion. Ọkọ̀ òfuurufú ti kógbá sílé, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lójú títì. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun la kọ́kọ́ ń pè ní Tòkunbọ̀, kó tó di orúkọ ọjà àlòkù. Ta ló jókòó ìpàdé lórí ìyẹn?

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni èdè ọmọ náà fúnra rẹ̀. Gbogbo irin tó ń dárúkọ, àyálò ni: púlọ́ọ̀gì, jẹ́ẹ̀tì, kílọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ohun tí irin náà ń ṣe, àti ohun tó ń ṣe irin náà, Yorùbá pọ́ńbélé ni. Máṣíìnì ń wúkọ́. Ó ń mu ọ́ìlì. Epo ti bò ó. Iná kò dé ẹnu púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí mo fẹ́ ki wáyà bọ ihò jẹ́ẹ̀tì inú kábúrẹ́tọ̀ tí epo àtijọ́ ti gan mọ́, ọmọ náà gbá ọwọ́ mi dànù: "Wáyà á fẹ ihò yẹn, ó máa wá máa yó epo jù. Atẹ́gùn ni kí ẹ fẹ́ sí i." A gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ihò là. Àpò mi kò jò lọ́jọ́ náà. Bíréèkì, ṣéènì àti táyà nìkan ni mo ra ní tuntun, torí ẹ̀mí ẹni kì í ṣe àlòkù.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe gan-an ni mi ò tètè rí orúkọ fún. Àtúnṣe kò tó o. Ẹni tí táyà rẹ̀ jò náà ń ṣe àtúnṣe. Ìsọdọ̀tun ń parọ́, nítorí mi ò fẹ́ tuntun, ti àtijọ́ gan-an ni mo fẹ́. Ìdápadà-sípò ń rán mi létí ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè. Àjíǹde? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà kò mọ̀ pé mo ń wá ọ̀rọ̀ nígbà tó ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù pé, "Máṣíìnì àtijọ́ kan ni a ń jí." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn onímọ̀ èdè wa ń sọ fóníìmù láìtijú, èdè kò sì bàjẹ́. Kábúrẹ́tọ̀ náà kò ní bà á jẹ́. Mo ti fi gègé pa apo-epo-mọ́fẹ̀ẹ́fẹ́ rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àpótí ìjókòó lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kí ẹ sì máa kọ ọ̀rọ̀-ìṣe wọn sílẹ̀.