Ilé Kì Í Pariwo: Ìtàn Àwọn Gbọ̀ngàn Eré Yunifásítì Houston

Nínú gbogbo ohun tí ó ya eré àwọn baba ńlá wa sọ́tọ̀ sí eré inú ilé ìgbàlódé, èyí tí ó hàn jù lọ ni agbo. Bí eégún aláré bá jáde, tàbí tí onílù bá fi ìlù ké sí oníjó, kò sí ẹni tí ó ń kọ́ ògiri. Àwọn òǹwòran fúnra wọn ni ògiri. Bí agbo bá fẹ̀ jù, eré a tutù. Bí ó bá há jù, oníjó kò ní rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí, àwọn tí ó mú pàṣán lọ́wọ́ a sì tún agbo fẹ̀ díẹ̀. Òǹwòran tí ó dúró nínú agbo kì í ṣe àlejò. Òun ni ó ń gbe orin, òun ni ó ń pàtẹ́wọ́, òun náà ni ó ń ná owó fún òṣèré. Bí ó bá dákẹ́, eré ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìlànà agbo yìí ni mo fẹ́ fi díwọ̀n ohun kan tí ó jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n tí ọmọ wa kan ní ìpín ńlá nínú rẹ̀. Ohun náà ni bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láàárín nǹkan bí 60 ọdún, ẹgbẹ́ yìí ti ṣeré nínú ilé àyálò, nínú ilé tí ó tóbi ju ayé lọ, nínú ilé tí wọ́n fi owó ńlá kọ́, àti nínú ilé tí wọ́n tún kọ́ kí ó lè kéré sí i. Ìbéèrè mi ni pé: nínú ilé wo ni ohùn èrò ti dùn jù, kí sì ni ó fà á?

Ọdún 1927 ni ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìlú Houston dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré méjì sílẹ̀: ọ̀kan fún àwọn aláwọ̀ funfun, èkejì fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ti àkọ́kọ́ ni ó di Yunifásítì Houston. Èkejì ni ó di Yunifásítì Texas Southern. Ìbejì ni wọ́n, ṣùgbọ́n òfin ìyàsọ́tọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n jẹun nínú àwo kan náà. Ó di àwọn ọdún 1960 kí Yunifásítì Houston tó bẹ̀rẹ̀ sí gba akẹ́kọ̀ọ́ dúdú. Ní 1964, Guy Lewis, olùkọ́ni ẹgbẹ́ náà, mú Elvin Hayes àti Don Chaney wọlé, àwọn ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹgbẹ́ náà kò ní gbọ̀ngàn tirẹ̀ tí ó lè gba èrò. Inú gbọ̀ngàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú ni wọ́n ti ń ṣeré.

Láti inú ilé àyálò yìí ni wọ́n ti bọ́ sínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò rò pé a lè fi ṣe bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1968, Houston gba ẹgbẹ́ UCLA lálejò nínú Astrodome, pápá olórùlé tí a kọ́ fún eré béésíbọ́ọ̀lù. UCLA ti borí nígbà 47 léraléra. Ènìyàn 52,693 ni ó wá wòran, iye tí irú eré yìí kò rí rí láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà títí di ọjọ́ náà. Láti Los Angeles ni wọ́n ti kó pákó tí wọ́n tẹ́ sí àárín pápá gbalasa náà. Hayes gba àmì ayò 39 sínú apẹ̀rẹ̀, òun náà ni ó sì ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì tí ó parí ìjà náà. Houston ní 71, UCLA ní 69. Tẹlifíṣọ̀n gbé eré náà dé gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní àkókò tí àwọn ènìyàn máa ń jókòó sílé ní alẹ́, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí fún eré yunifásítì bẹ́ẹ̀ láàárín sáà.

Bí a bá ka orí ènìyàn nìkan, kò sí ilé Houston tí ó tó èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó gẹ́gẹ́ bí agbo. Àwọn àga tí ó sún mọ́ pákó jù lọ jìnnà sí i ju 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ọ̀pọ̀ nínú èrò náà kò lè rí ojú òṣèré, òjìji ènìyàn ni wọ́n ń wò. Ohun tí wọ́n ṣe sí ìjìnnà yìí ni ó wú mi lórí. Nítorí pé wọ́n ti sọ Hayes ní “Big E”, lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ni èrò sọ di igbe, tí wọ́n ń ké E, E, E, títí ó fi gba abẹ́ òrùlé kan. Oríkì a máa gùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà bá jìn, ẹyọ ohùn kan ni ó ń dé ibẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì tún pàdé nínú ìdíje àgbà, ní Los Angeles, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti kó pákó ọjọ́sí wá. UCLA fi 101 sí 69 nà wọ́n. Òótọ́ ni pé ojú ń dun Lew Alcindor, àgbà òṣèré UCLA tí ó di Kareem Abdul-Jabbar lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ní ọjọ́ Astrodome, ojú náà sì ti sàn nígbà yìí; n kò ní sọ pé èrò nìkan ni ó dá ẹjọ́ náà. Síbẹ̀, agbo UCLA ni agbo ti ọjọ́ kejì yìí. Agbo ẹni kì í jọ agbo ẹlòmíràn.

Òkìkí ọdún 1968 ṣí ọ̀nà fún ilé tuntun. Roy Hofheinz, tí ó ti ṣe olórí ìlú Houston rí, tí ó sì jẹ́ òpómúléró nínú kíkọ́ Astrodome, fún Yunifásítì náà ní owó ńlá, wọ́n sì ṣí Hofheinz Pavilion ní ọdún 1969. Ó gba nǹkan bí 10,000 ènìyàn. Inú ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá wọlé láti ìta a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí eré, bí ẹni tí ó ń wo inú awo ńlá. Ẹgbẹ́ náà ti ní ilé. Ṣùgbọ́n ilé nìkan kò tó. Nǹkan bí ọdún 12 kọjá kí ilé náà tó mọ ohun tí a kọ́ ọ fún.

Ní 1980, ọmọ Yorùbá kan láti ìlú Èkó dé sí Houston. Hakeem Ọlájùwọ́n ni orúkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ni ó ti ń gbá nílé, ó sì ti ń ṣọ́ ilé fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Kò tíì pẹ́ rárá tí ó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ó jókòó wòran fún sáà kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣeré. Òun àti Clyde Drexler, Michael Young, Larry Micheaux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ eré di ohun mìíràn. Dípò kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, wọ́n a fò sókè, wọ́n a sì fi ọwọ́ kì í bọ inú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Thomas Bonk, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Houston Post, rí èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983, ó sọ wọ́n ní Phi Slama Jama, ó fi orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ẹ̀fẹ̀. Orúkọ náà mọ́ wọn lára ju aṣọ lọ.

Níbi yìí ni mo rò pé Hofheinz gbà jẹ́ agbo. Fífò sókè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àmì ayò méjì lásán. Ìpè ni, èrò ni ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ. Ó dà bí ìgbà tí onílù bá dá ìlù dúró lójijì kí oníjó lè fi ẹsẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Lewis, pẹ̀lú aṣọ ìnura pupa òun funfun tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò dí wọn lọ́wọ́ bí àwọn olùkọ́ni mìíràn ti ń ṣe. Ẹgbẹ́ náà wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó kẹ́yìn nínú ìdíje àgbà ní 1982, 1983 àti 1984. Wọn kò gba ife náà: North Carolina State fi 54 sí 52 borí wọn ní 1983, Georgetown sì borí wọn ní 1984. Síbẹ̀, Ọlájùwọ́n ni wọ́n yàn ní òṣèré tí ó ta yọ jù ní 1983, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pàdánù.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, tí Lewis náà sì fẹ̀yìn tì ní 1986, ilé kan náà di ahoro èrò. Láti 1984 títí di 2018, Houston kò borí nínú eré kan ṣoṣo nínú ìdíje àgbà. Drexler fúnra rẹ̀ padà wá ṣe olùkọ́ni láti 1998 sí 2000, kò sì rí i yí padà. Àwọn ògiri kò yẹ̀, àwo tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ kò kún fún erùpẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ti lọ. Mo gbà pé àwọn ọdún òfìfo yìí kọ́ni ju àwọn ọdún aláriwo lọ. Ilé ńlá a máa gbé èrò ńlá níyì, ṣùgbọ́n a máa tú àṣírí èrò kékeré. Bí 2,000 ènìyàn bá tú ká sórí àga 10,000, olúkúlùkù wọn a gbọ́ ohùn ara rẹ̀, a sì tijú. Ìtìjú ni ó ń pa igbe ju àárẹ̀ lọ.

Kelvin Sampson di olùkọ́ni ní 2014, Yunifásítì náà sì pinnu láti tú inú Hofheinz palẹ̀. Ẹgbẹ́ náà tún di ayálégbé. Ta ni ó gbà wọ́n sílé ní sáà 2017 sí 2018? Yunifásítì Texas Southern ni, ìbejì tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ ní 1927, tí gbọ̀ngàn rẹ̀ kò jìnnà sí wọn ní àdúgbò Third Ward. Ẹni tí ìtàn kọ̀ kí ó jókòó nídìí àwo kan náà ni ó wá ya ọmọ ìyá rẹ̀ ní odindi ilé. Nínú ilé àyálò yìí, Houston kò pàdánù eré kankan ní gbogbo sáà náà. Wichita State wá, ó lọ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Cincinnati wá, bákan náà ni. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ògiri ni ó ń jẹ́ ilé, kí ó dá èyí lóhùn. Àwọn alárìnjó wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: ibi tí a bá tẹ́ ẹní eré sí ni ilé eré.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2018, wọ́n ṣí ilé tí wọ́n tún kọ́. Tilman Fertitta fi 20 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ nínú 60 mílíọ̀nù tí wọ́n ná, orúkọ rẹ̀ ni ilé náà sì ń jẹ́. Ẹbí Hofheinz kò gbà kí wọ́n pa orúkọ bàbá wọn rẹ́ láìjà. Ìjà wọn kò yà mí lẹ́nu, nítorí orúkọ ni ó ń kẹ́yìn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí jù ni iye àga: 7,100 péré. Wọ́n náwó kí ilé lè kéré sí i. Wọ́n sún àga mọ́ pápá, wọ́n sì gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sún mọ́ ibi tí àlejò ti lè gbọ́ èébú wọn. Oregon ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lálejò níbẹ̀, wọ́n sì fi 65 sí 61 borí rẹ̀. Ìborí nílé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nínú ilé àyálò kò dáwọ́ dúró títí di oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí ó ti pé 33. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i.

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣé kì í ṣe ìborí nìkan ni ó ń pe èrò? Bí ẹgbẹ́ bá dára, ṣé èrò kò ní wá sórí àkìtàn pàápàá? Òtítọ́ ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹni tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún oníjó tí kò mọ ijó. Ṣùgbọ́n ìborí ń pe èrò wá sí ẹnu ọ̀nà ni. Bí wọ́n bá wọlé tán, ilé ni yóò sọ bóyá wọn yóò di agbo tàbí wọn yóò di ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní Astrodome, èrò ní láti fi igbe borí ilé. Ní Hofheinz, eré tí ó ga ju ti ẹlòmíràn ni ó gba ilé sílẹ̀, nígbà tí eré náà sì lọ, ilé kò lè dá dúró. Nínú ilé ti òní, ilé àti èrò ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní kí n yàn, Hofheinz ti 1983 ni ọkàn mi fẹ́, nítorí ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ilé kékeré yìí ni ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú tí Ọlájùwọ́n ti wá. Ní 1980 kan náà tí ó lọ sí Amẹ́ríkà, Pápá Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, tí a ṣí ní 1972, kún dẹ́múdẹ́mú nígbà tí Nàìjíríà fi 3 sí 0 na Algeria láti gba ife Áfíríkà. Láti ọdún pípẹ́ wá, koríko àti ìpẹtà ni ó ń wòran níbẹ̀. Nígbàkigbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àtúnṣe, iye àga àti iye owó ni a máa ń kà. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè pé ta ni yóò jókòó, báwo ni yóò ṣe sún mọ́ eré tó, kí sì ni a fẹ́ fi sí i lẹ́nu láti gbè.

Àwọn baba wa kò kọ́ gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwọ̀n agbo. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn ni aṣọ eré, àti pé aṣọ tí ó tóbi ju ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ, ẹ̀rín ni ó ń pa ará ọjà.