Òmìnira ẹ̀sìn ní Amẹ́ríkà: Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, àti bó ṣe kan àwọn olórìṣà

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí kí oníkálukú lè ṣe ẹ̀sìn tó wù ú làwọn òyìnbó ṣe tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Àwọn Puritan tó sá kúrò ní Íńgíláǹdì nítorí inúnibíni, òmìnira tiwọn nìkan ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n rí ìjókòó ní Massachusetts, àwọn náà ń fìyà jẹ ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n lé Mary Dyer nílùú torí ìjọ Quaker tó ń ṣe. Nígbà tó padà wá, wọ́n yẹgi fún un ní Boston lọ́dún 1660.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, Roger Williams, ń wàásù pé ìjọba ò láṣẹ lórí ẹ̀rí ọkàn ẹnikẹ́ni. Wọ́n lé òun náà. Ọwọ́ àwọn Narragansett tó nilẹ̀ ló ti gba ibi tó tẹ̀dó sí lọ́dún 1636, tó sọ ní Providence. Ibẹ̀ ló di Rhode Island, níbi tí àwọn Quaker àti àwọn Júù ti rí ibi forí pa mọ́ sí.

Ní Virginia, wọ́n ń ju oníwàásù Baptist sẹ́wọ̀n. Thomas Jefferson kọ òfin pé kò sẹ́ni tí wọ́n gbọ́dọ̀ fipá mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí san owó fún un. James Madison jà fún un títí ilé ìgbìmọ̀ fi buwọ́ lù ú lọ́dún 1786. Lọ́dún 1791, ó wọ inú òfin gbogbo orílẹ̀-èdè: ìjọba àpapọ̀ ò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀sìn kan kalẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dí ẹ̀sìn kankan lọ́wọ́.

Òfin yìí ló gba àwọn olórìṣà là lẹ́yìn igba ọdún. Lukumí ni ẹ̀sìn tí àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Kúbà. Nígbà táwọn ẹlẹ́sìn náà fẹ́ ṣí ojúbọ ní Hialeah, ní Florida, lọ́dún 1987, ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fẹran rúbọ. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Lọ́dún 1993, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò pé òfin náà ò bófin mu: ìlú gbà kí wọ́n máa pa ẹran fún nǹkan mìíràn, ẹbọ nìkan ni wọ́n dójú sọ.

Òfin táwọn Kristẹni ṣe torí ìjà àárín ara wọn ló wá dáàbò bo Ọbàtálá àti Ṣàngó nílẹ̀ àjèjì.