Ẹ̀kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́: Ìtàn Ìrìn-àjò Ìmọ̀ Láàrin Ọsirélíà àti Indonéṣíà láti Ọdún 1951

Láàrin àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà àti ti òkun Pàsífíìkì, oríṣi ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ méjì ló ti wà tipẹ́: ti akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ jókòó sí kíláàsì yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè títí ó fi gboyè, àti ti ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì, ilé ẹ̀kọ́ tàbí abúlé ilẹ̀ náà, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìwé kò lè sọ tán. Oríṣi kejì yìí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ń pè ní IT (Industrial Training), kò fi bẹ́ẹ̀ rí owó ìjọba nígbà ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọpasẹ̀ bí ìmọ̀ nípa Indonéṣíà ṣe fìdí múlẹ̀ ní àwọn yunifásítì Ọsirélíà yóò rí i pé ẹnu iṣẹ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Oríṣi àkọ́kọ́ ni àwọn ìjọba kọ́kọ́ náwó sí, nípasẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní Colombo Plan. Ní oṣù kìíní ọdún 1950, àwọn mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè láti àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì péjọ sí Colombo ní Ceylon, ìyẹn Sri Lanka òde òní, níbi tí Percy Spender láti Ọsirélíà àti J. R. Jayewardene, mínísítà ìṣúná Ceylon, ti wà lára àwọn tó dábàá pé kí àwọn ìlú tó rí jájẹ ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1951. Àánú nìkan kọ́ ló bí i, nítorí àwọn Kọ́múníìsì ti gba ìjọba ní Ṣáínà ní ọdún 1949, ẹ̀rù sì ń ba àwọn alátìlẹ́yìn ètò náà pé bí ìṣẹ́ bá pọ̀ jù ní Éṣíà, àwọn ìlú mìíràn lè tẹ̀ lé e.

Owó ètò náà lọ sí dáàmù, ojú irin àti ohun èlò iṣẹ́, ṣùgbọ́n apá tí orúkọ rẹ̀ kò tíì parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni sìkọ́láṣípù, tó gbé àwọn ọ̀dọ́ Éṣíà lọ sí Ọsirélíà láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ìṣègùn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀gbìn àti ọrọ̀ ajé. Ọ̀nà yìí ni Boediono gbà dé Yunifásítì Western Australia, kí ó tó padà sílé, tó sì di igbákejì ààrẹ Indonéṣíà ní ọdún 2009. Ọ̀nà kan náà ni Abdul Taib Mahmud, tó ṣe olórí ìjọba Sarawak ní Malaysia fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbà kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Adelaide.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà takókó ni pé láti ọdún 1901 ni Ọsirélíà ti ní òfin ìwọ̀lú tó ń dí àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun lọ́wọ́ láti tẹ̀dó síbẹ̀, ìlànà tí wọn kò sì pa rẹ́ pátápátá títí di ọdún 1973. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Éṣíà lè wọlé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ padà sílé bí ẹ̀kọ́ bá ti parí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba yàrá nínú ilé àwọn ẹbí aláwọ̀ funfun, tí wọ́n jọ ń jẹun nídìí tábìlì kan náà, àwọn òpìtàn sì ka ìbágbé yìí mọ́ ohun tó jẹ́ kí ará Ọsirélíà lásán bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé òfin náà kò tọ́. Ètò tí ìjọba ṣe kí àwọn ará Éṣíà lè mọ Ọsirélíà sí rere wá di ohun tó kọ́ àwọn onílé pàápàá lẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọdún 1951 kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba ọ̀nà náà ní òdìkejì. Herb Feith, tí wọ́n bí ní Vienna ní ọdún 1930 sínú ẹbí Júù tó sá fún ìjọba Hitler lọ sí Ọsirélíà, jáde ní Yunifásítì Melbourne, ó sì kọrí sí Jakarta láti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba Indonéṣíà tó ń rí sí ìròyìn, níbi tó ti ń bá wọn ṣe iṣẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe aṣojú ilẹ̀ òkèèrè, kì í sì í ṣe amòye tí wọ́n ń sanwó rọ̀bì-rọ̀bì fún. Iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba Indonéṣíà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà ni òun náà ń gbà, kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn káàkiri ìlú, àwọn ará ilẹ̀ náà sì ni ọ̀gá rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde mìíràn tẹ̀ lé e lábẹ́ ètò kan tó fi ìlànà owó oṣù yìí ṣe òfin ara rẹ̀, inú ètò náà sì ni iṣẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni ti Ọsirélíà ní ilẹ̀ òkèèrè ti jáde.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Feith wà ní Indonéṣíà nígbà tí wọ́n ṣe ìdìbò àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1955, nítorí náà ìwé tó kọ nípa ìdìbò yẹn, tó jáde ní ọdún 1957, kún fún ohun tí ó mọ̀ láti inú ọ́fíìsì àti àdúgbò. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà láti ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ George Kahin, tí òun náà ti wà ní Indonéṣíà nígbà tí wọ́n ń bá àwọn Dutch jà fún òmìnira. Èso ìwádìí náà ni ìwé ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1962, tó ṣàlàyé bí ìjọba tiwa-n-tiwa tó wà lábẹ́ òfin ṣe jó rẹ̀yìn ní Indonéṣíà, tí àwọn onímọ̀ ìṣèlú ṣì ń bá jiyàn títí di òní. Nígbà tí Yunifásítì Monash ní Melbourne dá ibùdó ìwádìí nípa Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà sílẹ̀ ní ọdún 1964, Feith wà lára àwọn òpó rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Indonéṣíà pẹ̀lú kò káwọ́ gbera. Ọdún 1951 yìí náà ni Koesnadi Hardjasoemantri, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Gadjah Mada ní Yogyakarta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní àwọn erékùṣù tó jìnnà sí Java, níbi tí olùkọ́ kò ti tó. Koesnadi fúnra rẹ̀ lọ sí Kupang ní erékùṣù Timor. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àwọn yunifásítì Indonéṣíà ti sọ ìrírí yìí di KKN, ìyẹn iṣẹ́ ìsìn ní abúlé gẹ́gẹ́ bí ara ẹ̀kọ́. Ó fara jọ NYSC tí Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, àyàfi pé ẹni tó ti gboyè ló ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nínú NYSC, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ KKN ń ṣe tirẹ̀ kí ó tó gboyè.

Láti àárín àwọn ọdún 1980, Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ilé ẹ̀kọ́ ní kíkún lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, ohun tó jẹ́ ìrànwọ́ tẹ́lẹ̀ sì di ọjà títà. Ní ọdún 1994, àwọn yunifásítì Ọsirélíà kan pawọ́ pọ̀ dá ACICIS sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn nínú Indonéṣíà gan-an, tí àwọn kan fi ń jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú ọmọ Indonéṣíà ní Gadjah Mada, tí àwọn mìíràn ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní Jakarta, tí àwọn kan sì ń ṣe ìwádìí lábẹ́ olùkọ́ ilẹ̀ náà. Nígbà tó di ọdún 2014, ìjọba Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ New Colombo Plan, tí Julie Bishop, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè nígbà náà, ṣagbátẹrù rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní Indonéṣíà, Japan, Singapore àti Hong Kong, kí ó tó gbòòrò dé àwọn erékùṣù Pàsífíìkì. Orúkọ àtijọ́ ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n wọ́n yí ojú rẹ̀ padà: ọmọ Ọsirélíà ló ń lọ báyìí, ìkọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ sì di ara ohun tí owó ìjọba ń san.

Pẹ̀lú gbogbo ìyípadà yìí, ohun kan ṣì ya ètò ìjọba sọ́tọ̀ sí ti Feith, òun ni àkókò àti ipò. Púpọ̀ nínú ìrìn-àjò tí wọ́n ń san owó fún báyìí kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, tí akẹ́kọ̀ọ́ á dé, á rí i, á sì padà kí èdè tó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn tí ìwé wọn dúró jẹ́ ẹni tó pẹ́ níbẹ̀, tó gbọ́ èdè, tó sì gbà pé ọmọ ilẹ̀ náà ló yẹ kó yànṣẹ́ fún òun, kó sì tọ́ òun sọ́nà níbi tí òun bá ti ṣì í. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ìkọ́ṣẹ́ tún bí ìwádìí gidi, kì í ṣe iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ló yẹ kí àwọn ìjọba máa kà, bí kò ṣe iye àwọn tó dúró pẹ́ tó láti gba àṣẹ lẹ́nu onílé.