Ìforúkọsílẹ̀ Àìbéèrè Nínú Ètò Medicare

Medicare ni ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 àti àwọn kan tó ní àìlera líle. Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, ọdún 1965. Ìforúkọsílẹ̀ àìbéèrè ni kí wọ́n ti fi orúkọ àgbàlagbà sí ẹ̀ka kan kí òun fúnra rẹ̀ tó yàn.

Ẹ̀ka méjèèjì

Nínú Medicare ti ìjọba, Apá A wà fún ilé ìwòsàn, Apá B sì wà fún dókítà. Aláìsàn lè lọ sọ́dọ̀ dókítà yòówù tó bá ń gba Medicare. Àmọ́ òun ló sábà máa ń san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó Apá B, kò sì sí iye tí yóò san dé tí wọ́n á ní ó tó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń ra Medigap, adójútòfò àfikún tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ń tà, kún un.

Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń ṣètò Medicare Advantage, ìjọba sì ń sanwó fún wọn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin ọdún 1997 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọdún 2003 ni òfin mìíràn fún un ní orúkọ yìí. Ó ní gbèdéke lórí owó tí aláìsàn ń san, ó sì sábà máa ń fi ìtọ́jú eyín àti ojú kún un. Àmọ́ dókítà inú àkójọ rẹ̀ ló fẹ́ kí èèyàn lò, àwọn ìtọ́jú kan sì wà tí a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ rẹ̀ kí a tó ṣe é. Láti ọdún 2023, ó ti lé ní ìdajì àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i tó wà níbẹ̀.

Ibi tí ẹni tí kò yàn ń bọ́ sí

Ẹni tó ti ń gba owó Social Security (owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀) kí ó tó pé ọdún 65 yóò bá ara rẹ̀ nínú Apá A àti B. Àwọn yòókù ní oṣù méje láti forúkọ sílẹ̀: oṣù mẹ́ta ṣáájú oṣù ọjọ́ìbí, oṣù náà gan-an, àti mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fi Apá B falẹ̀ láìní adójútòfò ibi iṣẹ́ yóò máa san àfikún ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi falẹ̀.

Àwọn kan ń bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó olùgba Medicaid (ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn) lè gbé e lọ sí ètò Advantage tirẹ̀, bí ìpínlẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí i ní ọjọ́ 60 ṣáájú, olúwarẹ̀ sì lè kọ̀.

Àríyànjiyàn

Ní ọdún 2023, Project 2025, ìwé àbá ìlànà fún ìjọba Amẹ́ríkà, dábàá pé kí Advantage di ibi tí gbogbo ẹni tí kò yàn yóò bọ́ sí. Àwọn alátìlẹyìn ní owó rẹ̀ ní gbèdéke, ohun gbogbo sì wà lójú kan. Àwọn alátakò ní àtipadà sí Medicare ti ìjọba ló le, nítorí Medigap. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí àgbàlagbà bá ní Apá B ni ilé-iṣẹ́ kò lè fi àìsàn kọ̀ láti ta Medigap fún un. Ẹni tó kọ́kọ́ wọ Advantage ní ọdún 65 ní oṣù 12 láti yí padà. Lẹ́yìn èyí, Connecticut, Maine, Massachusetts àti New York nìkan ló ṣì dáàbò bo gbogbo àgbàlagbà. Ní ibòmíràn, ẹni tí àìsàn kọlù ní ọdún 72 lè rí i pé ilẹ̀kùn tí òun kò fọwọ́ ara òun tì ti padé.