Jeni Le Gon, oníjó tó di òṣèré

Jeni Le Gon (1916–2012) jẹ́ oníjó àti òṣèré sinimá, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Ìlú Chicago ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọge oníjó tí ẹgbẹ́ olórin Count Basie ń kọrin fún. Lẹ́yìn náà ló bá Whitman Sisters rìn, ẹgbẹ́ eléré tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú fúnra wọn ń darí.

Ijó tap, ijó tí a ń fi bàtà onírin lu ilẹ̀ bí ìlù, ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń fi síkẹ́ẹ̀tì àti bàtà gogoro jó o, ṣòkòtò ni Le Gon ń wọ̀ ní tirẹ̀. Á tàkìtì, á ya ẹsẹ̀ nílẹ̀ gbọọrọ, á sì dìde padà láìpàdánù ìlù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe jó tó, kó wo fíìmù Hooray for Love (1935). Nínú eré náà, wọ́n ti lé e nílé, gbogbo ẹrù rẹ̀ wà lójú títì. Bill Robinson, oníjó tap bíi tirẹ̀, wá ń tù ú nínú, Fats Waller wà nídìí dùùrù, kò sì pẹ́ tí ọmọbìnrin tó fajú ro fi bá Robinson jó débi pé a kò mọ ta ni ká wò.

Ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ sinimá MGM gbà á síṣẹ́. Òun ni wọ́n kà sí obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá bá ṣe àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àdéhùn náà kò so èso. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú Broadway Melody of 1936, tí Eleanor Powell jó nínú rẹ̀, wọ́n sì rán an lọ ṣeré orí ìtàgé ní London.

Nígbà tó padà, ipa ọmọ ọ̀dọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí Hollywood fi lọ̀ ọ́. Ojúsàájú ló fà á: àwọn ilé sinimá kan ní àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà máa ń gé ibi tí aláwọ̀ dúdú bá ti jó tàbí kọrin sọ nù, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé àwo tíì wọlé kò dí wọn lọ́wọ́. Ó ṣì jó nínú I Walked with a Zombie (1943). Nínú Easter Parade (1948), ọmọ ọ̀dọ̀ Ann Miller ló ṣe. Fred Astaire ni ọ̀gá òṣèré ibẹ̀, ẹni tí òun àti Le Gon ti jọ ń fi ẹsẹ̀ ijó han ara wọn ní 1935. Le Gon sọ pé Astaire kò tilẹ̀ kí òun. Ọ̀rọ̀ yìí dunni. Àwọn fíìmù tí wọ́n ṣe fún òǹwòran aláwọ̀ dúdú nìkan ló fún un ní ipa tó gbòòrò, bí i Double Deal (1939) àti Hi-De-Ho (1947), níbi tó ti ṣe Minnie, olólùfẹ́ òjòwú olórin Cab Calloway.

Ní 1969 ó kó lọ sí Vancouver ní Kánádà, ó sì ń kọ́ àwọn èèyàn níjó níbẹ̀. Ìgbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún ló tún kó ipa kékeré nínú Bones (2001), fíìmù tí Snoop Dogg ṣe olú òṣèré rẹ̀.