Ìkọ́ni Eré fún Òye

Ìkọ́ni eré fún òye, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ TGfU, jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni nínú ẹ̀kọ́ ìdárayá nílé ìwé, nínú èyí tí eré ṣíṣe ti ṣáájú kíkọ́ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí jù ú. David Bunker àti Rod Thorpe ti Yunifásítì Loughborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e jáde ní 1982 fún àwọn ilé ìwé girama.

Tẹ́lẹ̀, olùkọ́ a máa pàṣẹ, àwọn ọmọ a sì máa tún ohun kan náà ṣe léraléra. Bunker àti Thorpe ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ṣe àṣeyọrí níbẹ̀, eré náà kì í sì í yé wọn. Nínú ọ̀nà tiwọn, olùkọ́ á dín iye eléré kù, á tún òfin tàbí pápá ṣe, á sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Bí pápá badminton bá gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọmọ á fúnra wọn rí i pé iwájú àti ẹ̀yìn alátakò ni àyè wà.

Àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi àbá Edward Deci àti Richard Ryan ṣàlàyé ipa TGfU lórí ìtara akẹ́kọ̀ọ́: ẹni tó ń dá ìpinnu ṣe, tó mọ̀ pé òun lè ṣe é, tó sì rẹ́ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, a máa kópa tinútinú. Ní Ọsirélíà, Game Sense ni irú rẹ̀ tó gbilẹ̀ láti àwọn ọdún 1990.