Ubuntu LTS: Ọdún márùn-ún tí wọ́n ṣèlérí, sọ́fítíwíà wo ló kàn gan-an?

Nígbà tí ọdún 2022 ń parí lọ ni àwọn tó ń lo Ubuntu bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rọ̀ kan lójú kọ̀ǹpútà wọn bí wọ́n bá fẹ́ gba àtúnṣe tuntun. Ọ̀rọ̀ náà ní àtúnṣe ààbò wà nílẹ̀ fún àwọn sọ́fítíwíà kan, àmọ́ ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún Ubuntu Pro nìkan ni yóò rí i gbà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn figbe ta. Ṣebí LTS ni ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn, ìyẹn ẹ̀dà tí àtìlẹ́yìn rẹ̀ ń pẹ́? Ṣebí wọ́n ní ọdún márùn-ún ni àwọn yóò fi máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́?

Èsì Canonical, iléeṣẹ́ tó ni Ubuntu, ni pé àwọn kò mú ohunkóhun kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ìtàn tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ti pẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa tó kọ́kọ́ lọ sí òfurufú lọ́dún 2002, ló dá Ubuntu sílẹ̀ lọ́dún 2004. Orí Debian, Linux tí àwọn olùyọ̀ǹda ń ṣe káàkiri àgbáyé, ló gbé e kà. Inú èdè Zulu àti Xhosa ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí.

Ọ̀fẹ́ ni. Títí di ọdún 2011, wọ́n tún máa ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, níbikíbi tó bá wà láyé. Ohun ńlá nìyẹn láwọn ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ́n bí ojú.

Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ẹ̀dà tuntun ń jáde. Iléeṣẹ́ wo ló fẹ́ máa tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé LTS àkọ́kọ́, 6.06, jáde lọ́jọ́ 1 oṣù Òkúdù, ọdún 2006. Láti ọjọ́ yẹn ni ìdàrúdàpọ̀ ti wọlé: ọdún mẹ́ta ni àtìlẹ́yìn tí wọ́n ṣèlérí fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ọdún márùn-ún sì ni ti server. Ẹ̀dà kan, ọjọ́ ikú méjì. Ó di ọdún 2012, nígbà tí 12.04 jáde, kí méjèèjì tó di ọdún márùn-ún.

Main àti Universe

Síbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an kọ́ nìyẹn. Àwọn sọ́fítíwíà inú Ubuntu pín sí ọ̀nà, méjì ló sì ṣe pàtàkì jù. Èyí tí Canonical fúnra rẹ̀ ń tọ́jú ni Main, kò sì ju nǹkan bí 2,300 lọ. Universe lé ní 23,000, Debian ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti wá, àwọn olùyọ̀ǹda ló sì ń tún wọn ṣe bí agbára wọn bá ṣe mọ. Main ni ìlérí ọdún márùn-ún kàn.

Ojú kan náà ni méjèèjì ní lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Àṣẹ kan náà lẹ máa tẹ̀ láti gbé wọn wọlé, kò sì sí ohun tó máa sọ fún yín pé ẹ ti kọjá ààlà.

Lórí 14.04, LTS ti ọdún 2014, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ ubuntu-support-status. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò rí i pé àtìlẹ́yìn ọdún márùn-ún wà fún sọ́fítíwíà kan, ti òmíràn jẹ́ oṣù mẹ́sàn-án péré, àwọn mìíràn kò sì ní rárá. Lórí LTS kan ṣoṣo! Èèyàn mélòó ló mọ̀ pé àṣẹ náà tilẹ̀ wà?

Ẹ wo Node.js, tí àwọn tó ń kọ́ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ń lò gan-an. Ọjọ́ 21 oṣù Igbe, ọdún 2022, ni Ubuntu 22.04 LTS jáde, ẹ̀dà 12 Node.js ló sì wà nínú Universe rẹ̀. Lọ́jọ́ 30 oṣù yẹn kan náà ni àwọn tó ni Node.js dáwọ́ àtìlẹ́yìn ẹ̀dà 12 dúró. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Ẹni tó rí LTS lára Ubuntu, tó wá fọkàn balẹ̀ pé Node.js òun ti ní ààbò títí di ọdún 2027, ti ṣìnà.

Ó yẹ ká ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ṣẹlẹ̀ sí CentOS, Linux mìíràn. Red Hat ti ní CentOS 8 yóò ní àtìlẹ́yìn títí di ọdún 2029, àmọ́ lóṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020, wọ́n kéde pé ìparí ọdún 2021 ló máa dópin. Àdéhùn tí wọ́n yẹ̀ nìyẹn. Ti Ubuntu kì í ṣe ìyẹ̀hùn, àmọ́ ìlérí tí èèyàn ní láti ka àlàyé abẹ́ rẹ̀ kó tó yé e kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù lójú tèmi.

Ubuntu Pro ńkọ́?

Pro, tó di ti gbogbo èèyàn lóṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2023, na ọwọ́ dé Universe, ó sì sọ ọdún márùn-ún di mẹ́wàá. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń lò ó fúnra rẹ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà márùn-ún ló mọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó to 20 kalẹ̀ sínú yàrá kan ti kọjá ibẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí tirẹ̀ wà lè tẹ pro security-status sórí kọ̀ǹpútà. Yóò ka iye sọ́fítíwíà tó wá láti Main àti iye tó wá láti Universe fún un. Kò dìgbà tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ kó tó dá yín lóhùn.